Lẹ́yìn tí Wòlíì bá Sọ̀rọ̀ Tán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìtàn 3 la kà tó dá lórí ẹni tó mọ irú ikú tí yóò pa á. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wòlíì tàbí babaláwo sọ̀rọ̀ lójú ìwé kìíní, ẹni náà kú lójú ìwé tó kẹ́yìn, a pàtẹ́wọ́, a túká. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo bi ara mi pé: kí ni ẹni náà ń ṣe láàárín ìgbà tó gbọ́ àti ìgbà tó kú? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

Àkọ́kọ́ ni The Fishermen tí Chigozie Obioma gbé jáde lọ́dún 2015. Àkúrẹ́ ni ìtàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀, láyé ìjọba Abacha. Àwọn ọmọ Igbo 4 kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ń yọ́ lọ pẹja nínú odò Omi-Àlà. Wọ́n pàdé wèrè kan tó ń jẹ́ Abulu, ó sì sọ fún Ikenna, àgbà wọn, pé apẹja ni yóò pa á. Ẹ wo ọgbọ́n tí Obioma dá níbẹ̀: bí wèrè ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bàálù ń kọjá lókè, ariwo rẹ̀ sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Obembe àbúrò rẹ̀ ló gbọ́, òun ló tún un sọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹnu ọmọ ìyá ni àsọtẹ́lẹ̀ gbà wọlé. Àwọn ọmọ yìí sì ti ń pe ara wọn ní apẹja tẹ́lẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni ìfura ti wọ ilé. Ikenna ti ilẹ̀kùn yàrá tí òun àti Boja jọ ń sùn mọ́ Boja. Nígbẹ̀yìn, Boja gún un lọ́bẹ pa, òun náà sì kú sínú kànga. Lójú tèmi, wèrè kọ́ ló pa Ikenna. Ìbẹ̀rù ni, Obioma sì fún ìbẹ̀rù náà láyè tó láti dàgbà. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo bá a rò ni pé ẹranko pọ̀ jù: bàbá di idì, Ikenna di òjòlá. Nígbà mìíràn, ẹranko a bo ọmọ mọ́lẹ̀.

Ìkejì ni Machine of Death. Ryan North, ará Kánádà, ló dá àbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwòrán apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, Dinosaur Comics. Nígbà tó di 2010, òun, Matthew Bennardo àti David Malki kó ìtàn àwọn òǹkọ̀wé oríṣiríṣi jọ lé e lórí. Ẹ̀rọ kan ló wà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára èèyàn, tó wá ń pọ bébà pélébé tí irú ikú onítọ̀hún wà lórí rẹ̀. Kì í sọ ọjọ́. Kì í ṣì í, àmọ́ ó máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́: bó bá ní ọjọ́ ogbó ni yóò pa ọ́, ó lè jẹ́ arúgbó kan ni yóò yìnbọn fún ọ!

Ó dùn, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan níbẹ̀ dà bí àlọ́ àpamọ̀: tó o bá ti já a, ó parí. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni “Flaming Marshmallow” tí Camille Alexa kọ, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi irú ikú wọn yan ẹni tí wọ́n máa bá jókòó jẹun. Ikú di aṣọ ẹbí. Ẹ fojú inú wò ó ní kaféteríà tiwa.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kó padà sídìí Death and the King's Horseman tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde lọ́dún 1975. Ẹlẹ́ṣin Ọba ti mọ ikú rẹ̀ tipẹ́, ó sì ti fi í jayé. Adùn ayé tó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ ni wàhálà, ọmọ rẹ̀ ló sì san gbèsè náà.

Kí ló wá kàn mí? Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9, wòlíì kan sọ fún màmá mi pé òun rí omi tó yí mi ká. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá wọn lọ síbi tí odò wà mọ́. Tí òjò bá ṣú, màmá mi á ti ìsọ̀ dé iléèwé wa pẹ̀lú agboòrùn, oníbàárà ìbáà dúró. Mo ti pé ọdún 22 báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ o: nítorí kí omi má baà gbé mi, wọ́n sọ mí di ẹni tí omi lè tètè gbé. Mi ò lè bínú sí màmá mi, torí ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn wòlíì tí mo kà lọ́dọ̀ wa, mi ò tíì pàdé màmá mi.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, nínú èyí tí ẹ máa mú wá sípàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wòlíì sọ tiẹ̀ kíákíá, kó máa lọ ilé rẹ̀. Kí ẹ wá dúró ti obìnrin tó di agboòrùn mú lẹ́nu géètì iléèwé, tó ń wojú sánmọ̀. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ikú ò tíì débẹ̀, bóyá kò sì ní dé.