Inú Òwú Ni Ọnà Wà: Lámèyítọ́ Lórí Ọdún Káìtì Ìlú Ahmedabad

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti mọ́ ní Ahmedabad, ìlú tó tóbi jù lọ ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, orí òrùlé ni kí a ti máa wá àwọn ará ìlú. Bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò ti gòkè, wọ́n ti gbójú sókè. Uttarayan ni wọ́n ń pe ọdún náà. Àwọ̀ bébà tó kún ojú sánmà ni àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Bébà ni ojú ń rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òwú ni ọnà wà. Ẹni tí kò bá yẹ òwú wò kò tíì wo eré náà.

Ti ẹ̀sìn inú rẹ̀ kò gùn. Ìgbàgbọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni pé ọjọ́ yìí ni oòrùn wọ agbo ìràwọ̀ Makara, tó sì kọrí sí àríwá. Nínú Mahabharata, ìtàn akọni Íńdíà àtijọ́, Bhishma, àgbà jagunjagun, wà lórí ibùsùn ọfà, ó ń dá ikú dúró, àfìgbà tí oòrùn yí padà kó tó gbà láti lọ. Oòrùn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọdún yìí, kì í ṣe òṣùpá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sún kiri bíi ti ọdún Diwali. Wọ́n ń ta aláìní lọ́rẹ, wọ́n ń jẹ yànmọ̀tí àti ẹ̀pà tí wọ́n fi oje ìrèké dì, wọ́n sì ń se undhiyu, oúnjẹ ìgbà òtútù tó ní ìgbá, ọ̀dùnkún àti ewùrà aláwọ̀ àlùkò nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, ewùrà. Ẹni tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní Ìjẹ̀bú kò ní ṣe àjèjì ní ìdí ìkòkò yẹn.

Káìtì gan-an ńkọ́? Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onígun mẹ́rin ni. Igi ọparun méjì ló gbé e dúró, ọ̀kan nàró láti orí dé ìdí, ìkejì dábùú, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Káìtì tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ àti bébà ṣe máa ń ní ìrù gígùn, torí ìrù ni kì í jẹ́ kó ta gìrọ́gìrọ́ lójú ọ̀run. Ti Ahmedabad kò ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, nítorí a kò fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Bí òwú bá dẹ̀, káìtì á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa pòyì lójú kan. Bí a bá fa òwú le, atẹ́gùn á ti bébà sẹ́yìn, igi á túbọ̀ tẹ̀, káìtì á sì sáré tààrà lọ síbi tí orí rẹ̀ kọ sí. Ẹni tó mọṣẹ́ á dẹ òwú títí orí káìtì á fi kọ síbi tó wù ú, á wá fà á lójijì. Dídẹ̀ àti fífà, gbogbo gírámà eré náà kò ju méjì yìí lọ. Àwọn ará Gujarat ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, dheel àti khench, igbe méjèèjì ni wọ́n sì ń ké sí ara wọn láti òrùlé sí òrùlé, ẹni tí kò di òwú mú gan-an ló máa ń pariwo ìmọ̀ràn jù.

Ìjà ni eré náà: olúkúlùkù ń wá bí òwú rẹ̀ ṣe máa gé ti ẹlòmíì. Òwú ìjà yìí ni manja. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníṣẹ́ á ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n á ta òwú láti òpó dé òpó. Wọ́n á po gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì àti aró, wọ́n á bù ú sọ́wọ́, wọ́n á sì máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, kí ó lè mu ún yíká. Wọ́n ń di ìka wọn, síbẹ̀ gíláàsì ń ya wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á ká a sórí firki, ìyẹn igi tí wọ́n ń ká òwú sí. Bí gíláàsì bá pọ̀ jù, òwú á wúwo. Bí ó bá kéré, kò ní lè gé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ló ń mọ ìwọ̀n náà.

Ta ni àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe káìtì ní Ahmedabad, ní àdúgbò bíi Jamalpur, Mùsùlùmí ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kun òwú sì ń ti ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh wá, wọ́n á sun ẹ̀bá títì títí ọjà á fi tán. Ìlú yìí kan náà ni rògbòdìyàn ẹ̀sìn ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní 2002. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ káìtì yìí pé ẹ wo bí ọdún ṣe so Híńdù àti Mùsùlùmí pọ̀. N kò lè bá wọn kọ orin yẹn tán. Òwò so wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lórí òrùlé tó ń ṣeré, ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tí ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, owó tó sì ń kan ẹni ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan. Lámèyítọ́ tó bá yin ọnà láì dárúkọ oníṣẹ́ ọnà ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjà dé wàyí. Òwú méjì kọjá lórí ara wọn. Alágídí á fà á wìì. Onísùúrù á jọ̀wọ́ òwú lọ rẹrẹ, kí ó lè máa fi gíláàsì rẹ́ tẹnìkejì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ọwọ́ onísùúrù ló wù mí jù, nítorí kì í ṣe agbára ló fi ń ṣẹ́gun. Bí ọ̀kan bá já, igbe á ta: “Kai po che!”, ìyẹn ni pé “Mo ti gé e!” Fíìmù kan tó jáde ní 2013 gba igbe yìí ṣe orúkọ, èyí ló sì gbé e dé etí àwọn tí kò dé Gujarat rí. Káìtì tó já á máa rọ́ bọ̀ wálẹ̀, ẹni tó bá mú un ló ni ín. Àwọn ọmọdé ń fi igi gígùn tí wọ́n so ẹ̀gún mọ́ lórí lé e kiri.

Clifford Geertz, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan lórí ìjà àkùkọ ní erékùṣù Bali, níbi tó ti fi hàn pé owó tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ àti ipò láwùjọ ló wà lábẹ́ eré náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àlàyé yẹn ka orí Uttarayan lódindi yóò ṣìnà. Níbí, aṣẹ́gun kì í sábà rí nǹkan gbà. Ọmọ ẹlòmíì tí kò tilẹ̀ jà ló ń gbé káìtì lọ. Ipò wà ṣá o. Ẹ wo ẹni tó ń di firki mú lẹ́yìn akọni: ìyàwó ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí àbúrò obìnrin. Òun ló ń mọ ìgbà tí òwú yẹ kó yára jáde, síbẹ̀ ọkùnrin iwájú ni wọ́n ń hó fún.

Láti 1989 ni ìjọba Gujarat ti ń ṣe Àjọ̀dún Káìtì Àgbáyé, tó ń wáyé létí odò Sabarmati. Àwọn àlejò ń gbé ẹja ńlá àti ẹranko aláṣọ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó dùn ún wò, ó sì dára fún fọ́tò. Àfihàn ni, kì í ṣe eré tí mò ń sọ. Kò sí ẹni tó ń gé ẹnikẹ́ni, òǹwòran sì ti yà kúrò lára òṣèré. Orí àwọn òrùlé inú ìlú àtijọ́, tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn tí kò ní òrùlé tiwọn, ni ọdún ṣì wà.

Ohun tó ń pa ọnà yìí lára ni òwú náílọ́ọ̀nù. Kì í tètè já. Nígbà tí òwú kò bá lè já, kí ni sùúrù wúlò fún, kí sì ni ọwọ́ tó gbọ́n? Ó ń já ẹyẹ lápá, ó sì ń gé àwọn tó ń gun alùpùpù lọ́rùn, àwọn mìíràn sì ti ibẹ̀ kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń de irin mọ́ iwájú alùpùpù wọn lásìkò ọdún. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Íńdíà fòfin dè é. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀. Kí n má purọ́, manja olówùú náà ń ṣe ẹyẹlé àti igún léṣe; lọ́dọọdún ni àwọn dókítà ẹranko ń rán ìyẹ́ ẹyẹ lábẹ́ ètò Karuna Abhiyan, ìjọba sì ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi káìtì ṣeré ní kùtùkùtù òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹyẹ ń jáde tàbí ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ràn eré yìí kò gbọdọ̀ rí ìkìlọ̀ yẹn bí ìdílọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ní lọ́kàn láti lọ wo Uttarayan, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ dúró ti àwọn tó ń kun òwú lẹ́bàá títì, kí ẹ ra manja olówùú lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má sì ná an jù.