Irọ́ Ogun àti Etí Tí Ó Gbà Á

Ní ọdún 1928 ni Arthur Ponsonby, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Falsehood in War-Time jáde. Irọ́ tí a pa fún ará ìlú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó kó jọ síbẹ̀, tí ó sì tú palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìtàn ilé iṣẹ́ òkú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1917, The Times àti Daily Mail ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde pé àwọn ará Jámánì a máa se òkú ọmọ ogun tiwọn láti fa ọ̀rá jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jámánì kan, Kadaver, wà lára ohun tí wọ́n gbé ìtàn náà lé. Òkú ẹran ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sí òkú ènìyàn. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1925 kí Austen Chamberlain tó sọ lórúkọ ìjọba, ní Ilé Aṣòfin, pé àwọn gbà pé ìtàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé náà yẹ ní yínyìn, nítorí irọ́ ìlú òun tìkára rẹ̀ ni Ponsonby gbájú mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò wà jinlẹ̀ tó. Ó ní àwọn ènìyàn a máa yára gba ọ̀rọ̀ gbọ́, èyí ni ó sì ń mú irọ́ gbilẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń yára gbà á? Kì í ṣe àìmọ̀wé: àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn ni ó kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lójú tèmi, ọ̀fọ̀ ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò ní padà wálé mọ́ kò fẹ́ gbọ́ pé lásán ni ó kú. Bí ọ̀tá bá jẹ́ ẹranko, ikú ọmọ náà ní ìdí. Ìbànújẹ́ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí irọ́ tó dé.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá èyí lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti ba ọ̀nà jẹ́ fún òtítọ́ mìíràn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìròyìn dé pé ìjọba Hitler ń pa àwọn Júù run, àwọn kan rántí ilé iṣẹ́ òkú, wọ́n sì mi orí. Bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ni.

Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ má ṣe rò pé ìwé kíkà nìkan ni ààbò. Kí ọmọ tó béèrè ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mọ́ ọn.