Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, Atọpinpin Àrùn ní Ẹdẹ

Bí àrùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá wọ ìlú, ìbẹ̀rù a máa yára tàn ju àrùn náà gan-an lọ. Kí ni èyí? Ibo ló ti wá? Ní ìlú Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibùdó ìwádìí kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáhùn ìbéèrè méjèèjì. ACEGID ni orúkọ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Inú ọgbà Redeemer's University ló wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló sì ń darí rẹ̀.

Ọmọ Kámẹ́rúùnù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n tó lọ ṣe ìwádìí ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Àìsàn ibà ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, pàápàá bí kòkòrò rẹ̀ ṣe ń borí oògùn. Nígbà tó yá, Nàìjíríà ni wọ́n padà sí láti wá dá ibùdó náà sílẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà ló padà gba ẹ̀mí obìnrin akọni yìí. Àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó àti ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi wà lára àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Orúkọ àrùn ti hàn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa gbogbo ẹni tó ṣeé ṣe kó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 20 péré ló kó o, 8 nínú wọn kú. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, àjọ WHO ti kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí àrùn ti wá? Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ àbùdá tirẹ̀. Bó ṣe ń bí sí i, àyípadà díẹ̀díẹ̀ máa ń wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tó wà ní Ẹdẹ lè kà á tán pátápátá. Bí ti aláìsàn méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kó o ran èkejì. Bí wọ́n bá yàtọ̀ gan-an, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti kó o.

Ní ọdún 2018, ibà Lassa gbilẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn onímọ̀ pé bóyá oríṣi tuntun kan ló dé, tó ń ràn kíákíá láti ara ènìyàn sí ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi àti ikọ̀ wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó láti ka àbùdá kòkòrò náà. Wọ́n rí i pé ara eku ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti kó o, oníkálùkù lọ́tọ̀. Èsì yìí jẹ́ kó dájú pé ìmọ̀ràn àtijọ́ ló ṣì yẹ ká dì mú: ká dé gàrí wa, ká má sá oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ká dí ihò tí eku ń gbà wọlé.

Ní ọdún kan náà, àìsàn tí kò lórúkọ ń pa àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Ẹdẹ fi hàn pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, èyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà tipẹ́. Nígbà tí Kòrónà sì wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2020, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ka gbogbo àbùdá kòkòrò náà ní Ẹdẹ. Òun ni àkọ́kọ́ tó jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Èyí tí mo yìn jù ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi kò fi ìmọ̀ yìí pamọ́. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ ń wá kọ́ṣẹ́ ní Ẹdẹ, wọ́n sì ń gbé e lọ sílé. Nígbà kan, òkè òkun ni a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí, tí a ó máa retí èsì nígbà tí àrùn ń jà nílé. Ìjọba tó bá fẹ́ràn ará ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa náwó sórí irú ibùdó báyìí kí àjàkálẹ̀ tó dé, nítorí ìdáhùn tó bá tètè dé ló ń gba ẹ̀mí là.