Ẹfúnṣetán nínú Ìtàn àti nínú Eré: Ta ni Yóò Kì Í?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí à ń tọpasẹ̀ rẹ̀ kò bá fi ọmọ sílẹ̀ sáyé ńkọ́? Ta ni yóò pa àrọ́bá rẹ̀ mọ́? Ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ju inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tí ó jáde ní 1970.

Ní Ìbàdàn àtijọ́, ìtàn baba ńlá ẹni kì í jìnnà síni. Láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, àgbo ilé kọ̀ọ̀kan ní oríkì tirẹ̀. Àwọn obìnrin ilé a máa fi kí ọmọ, baálé a sì máa sọ bí ilẹ̀ ṣe di tiwọn. Orúkọ àdúgbò pàápàá jẹ́ ẹ̀rí: Ọjà'ba ń rántí Ìba Olúyọ̀lé, Òkè Ààrẹ sì ń rántí Ààrẹ Látòósà. Ọ̀rọ̀ Ìyálóde kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí sì kú níbi ìrọbí ní nǹkan bí 1860. Ẹrú pọ̀ lóko rẹ̀, ọrọ̀ kún ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò máa fi oríkì rẹ̀ ṣe ìwúrí. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ìtàn rẹ̀ wá bọ́ sí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Látòósà fi kan Ìyálóde: kò bá òun lọ sógun, kò fi ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, 1874. Ó san owó ìtanràn, síbẹ̀ ọ̀ràn náà kò tán. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọ iyàrá rẹ̀, wọ́n sì pa á. Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni Látòósà tì sí iṣẹ́ náà.

Inú eré ni ọ̀nà ti yà. Níbẹ̀, òfin Ìyálóde pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ikú Adétutù mú kí ọkàn àwọn òǹwòran kúrò lẹ́yìn Ìyálóde. Nígbà tí Látòósà sì dìde, olùgbàlà àwọn ẹrú ni ó jọ lójú wọn. Ìyálóde fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé jẹ. Ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà hun ìtàn yìí gún régé: ìwà akọni obìnrin náà ni ó fa ìṣubú rẹ̀, ohun tí eré ọlọ́fọ̀ sì ń fẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ohun tí eré náà fi sílẹ̀. Ìtàn kò fi pa mọ́ pé Ìyálóde rorò sí ẹrú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀sùn mẹ́ta Látòósà tí ó kan ẹrú. Ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ agbára ni gbogbo wọn. Bọ́lánlé Awẹ́, nínú ìwé kan tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992, ṣàlàyé pé Ìyálóde a máa fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn. Ẹni tí ó jẹni lówó tí ó sì tún di adájọ́ ẹni, ìdájọ́ rẹ̀ kò lè mọ́. Bí a bá yọ gbèsè yìí kúrò, tí a yọ Kúmúyìílọ kúrò, ìkà nìkan ni yóò kù lára obìnrin náà.

Èyí kò sọ eré náà di eré búburú. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti fa ìtàn gùn tàbí kí ó gé e kúrú kí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yọ. Ẹni tí ó ń ka eré bí ẹni ka ìwé ìtàn ni ó ṣìnà. Nínú ìdánwò, bí ìbéèrè bá dá lórí ìfìwàwẹ̀dá tàbí àhunpọ̀ ìtàn, inú eré ni kí olùdánwò ti mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ bí eré ṣe bá ìtàn mu ni wọ́n bèèrè, kí ó gbé májèlé inú eré kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn apani inú àkọsílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi yí i padà.

Olóyè tí ó lọ́mọ, àgbo ilé rẹ̀ ni yóò gbèjà rẹ̀ nígbà tí ayé bá sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Ẹfúnṣetán kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Kíláàsì tí a ti ń ka eré rẹ̀ ni ó kù tí ó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tọ̀tún tòsì, kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.