Tọ́ Ọ Wò, Gbé e Kalẹ̀, Pa Á Rẹ́: Àyẹ̀wò Èdè tí Linux Fi Ń Bá Wa Sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́, irú èyí tí a ń rà ní tòkunbọ̀, ti wà láàárín méjì: bí kò bá ra òmíràn, àfi kí ó wá ètò mìíràn tí yóò máa darí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Linux ni irú ètò bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè tú u wò kí ó sì tún un ṣe. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀, ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní 2004. Èdè Súlù àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìwà ènìyàn sí ènìyàn. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ rẹ̀ sí ọmọlúàbí, n kò ní bá a jiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbà tán: ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ ọmọlúàbí láàárín àwọn ìpáǹle, ṣùgbọ́n ubuntu kò lè dá wà lára ẹnì kan.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, èdè ni. Bí a bá wò ó dáadáa, ìtàkúrọ̀sọ ni gbígbé Linux kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ń béèrè, ènìyàn ń dáhùn, ìdáhùn kan ṣoṣo sì lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́. Bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá-ìtàn nínú eré-onítàn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe ti ẹ̀rọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú Yorùbá kan tí ó ń gbé ní àdúgbò Wulari ní Maiduguri. Hausa ni ó fi ń nájà, Kanuri ni ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ibi iṣẹ́; inú ilé ni Yorùbá kù sí fún un. Fáìlì Ubuntu 24.04 tó nǹkan bíi gígábáítì mẹ́fà, dátà kékeré kọ́ ni yóò jẹ. Iná ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni àwọn agbésùmọ̀mí wó òpó iná tí ó ti Damaturu lọ sí Maiduguri, ọ̀pọ̀ oṣù ni ìlú náà sì fi wà láìsí iná ìjọba. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí kò nílò kí a sọ fún un pé kí bátìrì kún kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń pín dísìkì lọ́wọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè bá a lọ.

Nígbà tí ó bá ti fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ, yóò bá “Try Ubuntu” àti “Install Ubuntu” pàdé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dára púpọ̀, èdè wa sì ti ní i tẹ́lẹ̀: tọ́ ọ wò. Bí ìyá ti ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò tí ìkòkò kò sì dín, bẹ́ẹ̀ ni Ubuntu yóò ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú dísìkì. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ “gbìyànjú” síbẹ̀ ti ṣì í, nítorí ìgbìyànjú ní làálàá nínú, ìtọ́wò kò ní. Ní ti èkejì, “gbé kalẹ̀” ni mo fara mọ́. Ẹrù ni à ń fi sórí.

Ojú ewé tí ó ń dẹ́rù bà mí ni èyí tí ó kọ “Erase disk and install Ubuntu”. Gẹ̀ẹ́sì náà yá jù. Dísìkì ni ó pè é, bí ẹni pé irin lásán ni. Kò dárúkọ àpilẹ̀kọ, àwòrán ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni “pa rẹ́” tiwa, àárín rẹ̀ ni àbọ̀ sì ń jókòó sí: pa kí ni rẹ́? Gírámà wa fúnra rẹ̀ ń bi òǹkàwé ní ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì fò dá. Ọ̀nà mìíràn sì máa ń wà, pé kí Ubuntu jókòó ti Windows, kí àwọn méjèèjì pín dísìkì; ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké kò ní mọ̀ pé ìyàtọ̀ ikú àti ìyè ni ó wà láàárín ìlà méjèèjì.

Ẹ̀rọ yóò béèrè àkókò ibi tí ó wà. Lagos ni ará Wulari yóò yàn, nítorí orúkọ Èkó ni ó dúró fún gbogbo Nàìjíríà níbẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ máa ń yọ ní Maiduguri ní ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ti Èkó. Ní ti pátákó ìtẹ̀wé, ìyìn tọ́ sí Linux: lábẹ́ Nàìjíríà, a ó rí Hausa, Igbo àti Yorùbá. Àwáwí pé ẹ̀rọ kò lè kọ àmì ohùn ti dópin. Lóòótọ́, Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ọ́. Lẹ́tà àti àmì ni a ó tò pọ̀. Kàlẹ́ńdà ni mo bá wí. Nínú àkójọ CLDR tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, Agẹmọ ni oṣù keje, Ògún ni ìkẹjọ. Wọ́n dùn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ni ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù Ògún láìkọ́kọ́ ka ìka? Àkójọ kan náà ya Yorùbá ti Benin sọ́tọ̀, pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh dípò ẹ, ọ àti ṣ. Èyí wù mí, nítorí ará Kétu yóò rí àkọtọ́ ilẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣe ìyókù? Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Ìpín kejì, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tẹ̀lé e ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n bá wí. Kò yẹ kí a fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá, nígbà tí Linux ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pàdé. Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé. Yorùbá kò lè sá fún un. “Ẹ” ni èmi yóò yàn, nítorí ẹ̀rọ ni ìránṣẹ́, bàbá àgbà kan ní Wulari sì lè wà níwájú rẹ̀. Báyìí ni n ó sì ṣe kọ ojú ewé eléwu yẹn: “Ṣé ẹ fẹ́ kí a pa gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sínú kọ̀ǹpútà yìí rẹ́? Bí a bá ti pa á rẹ́, a kò ní lè dá a padà fún yín mọ́.”