Ìdáhùn Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé

Bí a bá bú ẹ̀sìn ènìyàn lójú rẹ̀, kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo. Mùsùlùmí ń bá a pàdé, Krìstẹ́nì ń bá a pàdé, babaláwo náà sì mọ bí ó ti ń dunni tó. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn tí a lè fi ọ̀ràn yìí kọ́gbọ́n jù lọ ni àwọn tí a ń pè ní Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1830, tí Joseph Smith ti dá Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, ni a ti ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lù wọ́n, tí àwọn náà sì ń fèsì. Èsì wọn ti pọ̀ tó ohun tí a lè gbé ka orí òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ẹlẹ́yà sọ́tọ̀ kúrò lára aṣèwádìí. Ní 2011, eré olórin kan bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, ní ìlú New York, tí ó gba orúkọ ìwé mímọ́ wọn, The Book of Mormon, tí ó sì fi àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìjọ náà kò bínú sóde. Nígbà tí eré náà dé Los Angeles ní 2012, ńṣe ni wọ́n sanwó ìpolówó sínú ìwé ètò eré náà gan-an, pé kí ẹni tí ó wòran tán wá ka ìwé. Èsì ọlọ́gbọ́n ni. Aláwàdà kò béèrè ẹ̀rí, nítorí náà kò sí ẹ̀rí tí a ó fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín ni ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé àkọsílẹ̀ dání wá ńkọ́? Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ní 1945, Fawn Brodie, tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ náà, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn olórí rẹ̀, kọ ìtàn ìgbésí-ayé Joseph Smith, ó pè é ní No Man Knows My History. Ó ní Smith fúnra rẹ̀ ni ó hun Ìwé Mọ́mọ́nì, ó sì to orúkọ àwọn obìnrin tí wòlíì náà fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n lé ní ogójì. Ní 1946, ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀mọ̀wé ìjọ náà kan, Hugh Nibley, gbé ìwé pélébé kan jáde láti fi ta kò ó: No, Ma'am, That's Not History.

Kí a má purọ́, Nibley mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀sùn rẹ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ ni pé Brodie a máa kọ ohun tí ó wà lọ́kàn Smith bí ẹni pé inú ọkàn náà ni ó jókòó sí. Àwọn òpìtàn mìíràn tí kì í ṣe Mọ́mọ́nì ti wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ni ó borí ìwé náà. Ẹni tí ó bá kà á tán yóò rẹ́rìn-ín, àmọ́ iye ìyàwó wòlíì kò tìtorí ẹ̀rín náà dín. Ní 2014, ìjọ náà fúnra rẹ̀ tẹ àròkọ kan jáde tí ó gbà pé ìṣirò tí a fara balẹ̀ ṣe fi iye wọn sí àárín ọgbọ̀n sí ogójì. Iye yìí kò bá ti Brodie mu, kò sì sọ ìran Smith di irọ́. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ ìjọ kì í fẹ́ gbọ́ sétí ti di ohun tí ìjọ ń kọ́ni. Brodie kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ó ti kú ní 1981.

Ọ̀ràn kejì kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1852, Brigham Young, tí ó jẹ olórí lẹ́yìn Smith, kéde ní Utah pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára kò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà, oyè tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin onígbàgbọ́ yòókù. Ní 1949, àwọn olórí ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣẹ Olúwa ni, kì í ṣe ìlànà lásán. Ní àkókò yìí náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́ ìgbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan, pàápàá ní ìhà ìlà-oòrùn, ń kọ lẹ́tà sí Utah, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún míṣọ́nárì. Ní 1963, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wà ní Kalifóníà ka ohun tí ìjọ náà ń kọ́ni nípa adúláwọ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní Enugu. Ìjọba kò fún àwọn míṣọ́nárì náà ní físà mọ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1973, dókítà oníṣègùn kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ, Lester Bush, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Dialogue. Ó fi hàn pé kò sí àkọsílẹ̀ tí ó so òfin náà mọ́ Joseph Smith. Kódà, a ti fi adúláwọ̀ kan, Elijah Abel, joyè alàgbà ní 1836, nígbà tí Smith ṣì wà láyé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, Spencer Kimball, olórí ìjọ nígbà náà, kéde ìfihàn tí ó fòpin sí òfin náà. Kí ọdún náà tó parí, a ti ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn ará rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò.

Àmọ́ ọdún 2013 ni ìjọ tó dá àwọn alárìíwísí lóhùn nínú àròkọ kan, níbi tí ó ti kọ ẹ̀kọ́ tí ó ní àwọ̀ dúdú jẹ́ àmì ègún sílẹ̀ pátápátá. Mo yin àròkọ yìí. Èdè rẹ̀ ṣe tààrà, ó sì mẹ́nu ba Abel. Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì, kò sì sọ ní gbangba bóyá àṣìṣe ni òfin náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń gbèjà ìjọ náà yóò wí pé ìjọ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìfihàn kò lè sáré ṣáájú Ọlọ́run rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ìfihàn wo ni ènìyàn nílò kí ó tó ṣí ìwé tí a kọ orúkọ Abel sí? Inú àkọsílẹ̀ wọn ni ó wà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn láàárín ogún ọdún náà. Tẹ́ńpìlì Mọ́mọ́nì ti wà ní Aba láti 2005, a sì ti túmọ̀ ìwé wọn sí Yorùbá. Bí aládùúgbò bá bi onígbàgbọ́ kan níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ 1852, èsì tí ó lè gbé e ró ni èyí tí àwọn alárìíwísí ti kọ́kọ́ wá rí nínú àkọsílẹ̀. Ó yẹ kí a sọ fún un pé ọwọ́ wọn ni ó ti wá.