Síkáànì Láti Orí dé Ìbàdí: Ibi tí Ìwádìí REACT-2 Mọ

Kò sí ará Ajue tí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ọkọ̀ ṣàjèjì sí. Òpópó Ṣàgámù sí Benin gba Ore kọjá, ajagbé àti bọ́ọ̀sì kì í sì í dá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyí tí ìwádìí REACT-2, tí The Lancet tẹ̀ jáde ní 2016, fi kan àwa ará Odigbo, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajue àti Ore wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Netherlands àti Switzerland ni Joanne Sierink àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é.

Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ya ẹni tó farapa yánnayànna ní síkáànì CT láti orí dé ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ́síréè àti irú síkáànì tí wọ́n fi ń wo aláboyún, kí wọ́n tó fi CT ya ibi tó bá ń fu dókítà lára. Ìbò ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn sí ìhà méjì. Nínú 1,083 tí wọ́n ṣírò, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú ní ìhà méjèèjì. Yíyà gbogbo ara parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ti ìhà kejì gba 37. Ìṣẹ́jú méje náà kò dá ẹ̀mí kankan sí.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ni ìwádìí yìí. Àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni àwọn ará Jámánì gbára lé ní 2009 nígbà tí wọ́n ní yíyà gbogbo ara ń gba ẹ̀mí là, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣeé gbé dé ìdí ẹ̀rọ lè ti sàn ju ẹni tí kò ṣeé gbé lọ. Ìbò mú iyèméjì yẹn kúrò.

Àmọ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà ní ìhà kejì ni wọ́n padà ya gbogbo ara wọn. CT wà ní ìhà méjèèjì, nítorí náà kí aláṣẹ kankan má ṣe fi ìwádìí yìí kẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò ka ẹni tí wọ́n bá gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn mọ́ ọn. Irú aláìsàn tiwa gan-an nìyẹn: ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní Ore lọ sí Oǹdó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìwádìí CRASH-2 ti 2010, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, sún mọ́ wa jù ú lọ: oògùn tranexamic acid, tí kò wọ́n, dín ikú kù láàárín àwọn tó farapa tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn.

Mo gba àbájáde REACT-2 gbọ́ fún ibi tí ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ rẹ̀ ti wà nítòsí ibùsùn. Ẹ̀yin olùwádìí wa, ẹ bá wa ṣe tiwa, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ojú títì.